Ẹ Bi Àgbẹ̀: Palmetto, Ọ̀pẹ Etí Òkun Tí Kò Fẹ́ Ìkánjú

Lẹ́tà tó dé ọ̀dọ̀ wa lórí ọ̀pẹ palmetto ti pọ̀ débi pé a ya gbogbo abala ti oṣù yìí sọ́tọ̀ fún un. Ọ̀pọ̀ àwọn tó kọ̀wé jẹ́ ọmọ Yorùbá tó ń gbé ní South Carolina, Georgia àti Florida ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, níbi tí igi yìí ti ń hù fúnra rẹ̀ lẹ́bàá òkun láìsí ẹni tó gbìn ín. Orúkọ tí àwọn onímọ̀ ewéko ń pè é ni Sabal palmetto. Ilẹ̀ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti etí òkun ìsàlẹ̀ North Carolina, ó gba South Carolina àti Georgia kọjá, ó gbilẹ̀ ní Florida, ó sì dé Bahamas àti Cuba. Kò jọ ọ̀pẹ tí a ń fún epo rẹ̀ nílé. Imọ̀ rẹ̀ tẹ́ bí abẹ̀bẹ̀, ṣùgbọ́n eegun àárín abẹ̀bẹ̀ náà tẹ̀ wálẹ̀ bí ọrun, ọ̀pá imọ̀ rẹ̀ kò sì ní ẹ̀gún. Ó sábà máa ń ga tó mítà 10 sí 15, àwọn àgbà inú rẹ̀ sì lè tó 20. South Carolina sọ ọ́ di igi ìpínlẹ̀ wọn ní ọdún 1939, Florida sì ṣe bẹ́ẹ̀ ní ọdún 1953.

Ìbéèrè: Ẹ̀yin olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi àti ìyàwó mi ṣẹ̀ṣẹ̀ ra ilé lẹ́bàá Charleston, a sì sanwó fún ọ̀pẹ palmetto mẹ́ta kí wọ́n wá gbìn ín síwájú ilé. Ọjọ́ tí wọ́n kó wọn dé, ẹnu yà wá: òpó lásán ni méjì nínú wọn, kò sí imọ̀ kankan lórí wọn, ẹ̀kẹta sì ní ọ̀gọ̀mọ̀ kan péré. Ó ti pé ọ̀sẹ̀ mẹ́fà báyìí, kò sí ohun tó yọ. Ṣé kì í ṣe pé wọ́n ti rẹ́ wa jẹ? Bí wọ́n bá sì wà láàyè, báwo ni ká ṣe tọ́jú wọn? — Bàbá Ìbejì, South Carolina.

Ìdáhùn: Bàbá Ìbejì, ẹ kú oríire ilé tuntun. Ẹ fọkàn balẹ̀ ná, nítorí ó jọ pé àwọn tó bá yín gbìn ín mọ iṣẹ́ wọn. Nígbà tí a bá hú palmetto láti ibi tó wà, gbogbo gbòǹgbò tí irin gé ni yóò kú padà títí dé ìdí igi. Kò dà bí àgbọn, tí púpọ̀ nínú gbòǹgbò rẹ̀ tí a gé lè tún ta ẹ̀ka. Gbòǹgbò tuntun pátápátá ni palmetto máa ń ta láti ìdí rẹ̀, èyí sì ń gba oṣù púpọ̀. Ní gbogbo àkókò náà, omi tó ti wà nípamọ́ nínú ìtì ni igi fi ń gbé ẹ̀mí ró, bí ẹ bá sì fi imọ̀ sílẹ̀ lórí rẹ̀, àwọn imọ̀ náà ni yóò máa tú omi yìí sínú oòrùn títí igi yóò fi gbẹ. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń gé gbogbo rẹ̀ dànù lọ́jọ́ tí wọ́n bá hú u. Àwọn onímọ̀ ní Florida ti dán an wò, wọ́n sì rí i pé èyí tí a gé gbogbo imọ̀ rẹ̀ ń yè ju èyí tí a ṣàánú imọ̀ rẹ̀ lọ.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kò tíì tó nǹkan. Ọ̀pẹ mìíràn lè lo oṣù mẹ́fà sí mẹ́jọ kí ó tó ní imọ̀ tí ènìyàn lè tọ́ka sí. Bí ara yín kò bá gbà á láti dúró, ẹ gbé àkàsọ̀, ẹ gòkè lọ wo àárín gbùngbùn orí rẹ̀. Láàárín àwọn ìdí imọ̀ tí wọ́n gé, ẹ ó rí ṣóńṣó kan tó le, tó funfun díẹ̀ tó sì ní àwọ̀ ewé díẹ̀, tí kò sì tóbi ju gègé ìkọ̀wé lọ. Ọ̀gọ̀mọ̀ tó ń bọ̀ nìyẹn. Ẹ má fà á. Ẹ mú bírò, kí ẹ fa ilà kékeré kan sára rẹ̀ níbi tó ti bá ìdí imọ̀ tó sún mọ́ ọn dọ́gba, kí ẹ padà wò ó lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì. Bí ilà náà bá ti gòkè, kódà bí ó jẹ́ ìwọ̀n èékánná, igi yín ń bẹ láàyè. Bí ó bá jẹ́ pé ọ̀gọ̀mọ̀ náà rọ̀, tó yọ wọ́ọ́rọ́wọ́ sí yín lọ́wọ́ nígbà tí ẹ kàn án, tí ìdí rẹ̀ sì ń rùn bí ohun tó bà jẹ́, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ parí sí, nítorí orí kan ṣoṣo ni igi yìí ní. Kò ní ibòmíràn tí yóò ti tún hù.

Omi ni iṣẹ́ yín láàárín àkókò yìí. Ilẹ̀ etí òkun jẹ́ iyanrìn, omi kì í pẹ́ nínú rẹ̀. Ẹ máa bomi rin ìdí rẹ̀ lójoojúmọ́ tàbí ní ọjọ́ méjì méjì fún oṣù kan àkọ́kọ́, kí ẹ wá dín in kù sí ẹ̀ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ títí di oṣù mẹ́fà. Ẹ jẹ́ kí omi náà máa kán díẹ̀díẹ̀ wọ inú ilẹ̀ dípò kí ó máa ṣàn lọ sójú títì. Ẹ má fi ajílẹ̀ sí i títí imọ̀ tuntun yóò fi là. Àwọn igi tí wọ́n fi tì í kò gbọ́dọ̀ kúrò fún nǹkan bí ọdún kan, kí ẹ sì yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ìṣó wọ ara ọ̀pẹ náà. Pákó kéékèèké tí a fi okùn tàbí irin pẹlẹbẹ gbá mọ́ ìtì, lórí aṣọ tó nípọn, ni ó yẹ kí a kan ìṣó mọ́. Ara ọ̀pẹ kì í jinná bí ara ìrókò tàbí ọsàn. Ihò tí ìṣó bá dá sí i lónìí, ihò náà ni yóò wà níbẹ̀ títí ọjọ́ tí igi yóò fi kú, àìsàn sì lè gba ibẹ̀ wọlé.

Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ kí ẹ fi ọwọ́ ara yín wádìí lónìí, èyíinì ni bí wọ́n ṣe rì í sílẹ̀ tó. Ibi tí gbòǹgbò ti ń bẹ̀rẹ̀ ni ó yẹ kí ó bá ojú ilẹ̀ dọ́gba. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń rì í jinlẹ̀ nítorí wọ́n fẹ́ kí orí ọ̀pẹ mẹ́ta dọ́gba, tàbí nítorí wọ́n rò pé yóò fi bẹ́ẹ̀ dúró dáadáa. Èmi náà ti ṣe é rí. Ọ̀pẹ tí mo rì mọ́lẹ̀ jù yẹn ta imọ̀ mẹ́rin, inú mi dùn, ṣùgbọ́n ní ọdún kejì imọ̀ tó ń yọ bẹ̀rẹ̀ sí í kéré sí i, ó ń pọ́n, ó ń ká kò, kí ọdún náà tó parí ó ti kú. Nígbà tí mo hú u, gbogbo gbòǹgbò ìsàlẹ̀ ti dúdú. Afẹ́fẹ́ kò dé ọ̀dọ̀ wọn. Bí ẹ bá rí i pé tiyín jìn jù, ẹ pe àwọn tó gbìn ín padà kíákíá, kí wọ́n gbé e sókè nígbà tí gbòǹgbò kò tíì mú ilẹ̀.

Ìbéèrè: Àwọn òṣìṣẹ́ kan wá kan ilẹ̀kùn wa kí àkókò ìjì líle tó bẹ̀rẹ̀, wọ́n ní àwọn yóò gé imọ̀ ọ̀pẹ wa kí ìjì má bàa rí nǹkan gbá mú. Wọ́n ṣe ti aládùúgbò wa, ó kù imọ̀ bíi mẹ́rin tó nà sókè gan-an, gbogbo orí rẹ̀ wá dà bí orí adìẹ tí a tu níyẹ̀ẹ́. Ọkọ mi ní kí a ṣe tiwa, ọkàn mi kò gbà á. Ta ló jàre? — Ìyá Adé, Savannah, Georgia.

Ìdáhùn: Ẹ̀yin lẹ jàre, Ìyá Adé, ẹ sì bá mi bẹ Bàbá Adé kí wọ́n fi owó náà ṣe nǹkan mìíràn. Palmetto wà lára àwọn igi tó ń fara da ìjì jù lọ ní gbogbo etí òkun yẹn. Nígbà tí ìjì Hugo kọlu South Carolina ní ọdún 1989, àti nígbà tí Andrew kọlu Florida ní ọdún 1992, igi páìnì àti igi óòkù wó sórí ilé àwọn ènìyàn, palmetto sì dúró. Inú ìtì rẹ̀ kì í ṣe igi líle bíi ti àwọn igi wọ̀nyẹn. Okùn tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ ni ó kún inú rẹ̀, ohun rírọ̀ tó ní omi sì wà láàárín wọn, nítorí náà ó ń tẹ̀, kì í dá. Àwọn ará South Carolina kì í fi ìtàn èyí ṣeré. Ní ọjọ́ 28 oṣù Òkúdù ọdún 1776, ìtì palmetto àti iyanrìn ni William Moultrie àti àwọn ọmọ ogun rẹ̀ fi mọ odi ààbò tí wọ́n wà nínú rẹ̀ ní Sullivan's Island, nígbà tí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì yìnbọn àgbá lù wọ́n. Ọta wọ inú ìtì rírọ̀ náà, ó há síbẹ̀, odi kò wó. Ìdí nìyẹn tí igi yìí fi wà lórí àsíá ìpínlẹ̀ náà títí di òní.

Ẹ jẹ́ kí n padà sórí imọ̀. Akọ́pẹ ni bàbá mi, igbà wọn kò sì kúrò léjìká láàárọ̀, ṣùgbọ́n mi ò rí ọjọ́ kan tí wọ́n gé imọ̀ tútù láìnídìí. Àwọn àgbà ní màrìwò yọ, ó ní òun yóò kan ọ̀run. Àwọn tó ti yọ ṣáájú rẹ̀ ṣe bẹ́ẹ̀ rí? Bẹ́ẹ̀ gan-an ni imọ̀ palmetto ṣe ń rìn: yóò nà sókè gan-an, yóò là, yóò máa rẹ̀ wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀ bí àwọn mìíràn ti ń yọ lókè rẹ̀, nígbà tó bá sì ń darúgbó, yóò dá oúnjẹ tó wà lára rẹ̀ padà fún àwọn àbúrò rẹ̀ kí ó tó gbẹ. Ẹni tó bá gé e nígbà tó ṣì tutù ti já oúnjẹ náà gbà lẹ́nu ọ̀pẹ. Bí a bá ń ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́dọọdún, ọrùn igi yóò tín-ín-rín, imọ̀ yóò máa kéré sí i, àwọn ọ̀dọ́ imọ̀ tó kù lórí rẹ̀ kò sì ní rí àwọn àgbà tí yóò bá wọn gba ìjì náà.

Èyí tó ti gbẹ pátá nìkan ni kí ẹ máa gé, àti òdòdó tàbí èso bí ẹ kò bá fẹ́ kí ó máa bọ́ sí ojú ọ̀nà. Bí ó bá di dandan pé kí ẹ gé imọ̀ tútù, irú èyí tó ń fọwọ́ kan wáyà iná, ẹ má ṣe gé èyíkéyìí tó bá ṣì gbé orí sókè ju ìbú lọ, èyíinì ni pé bí ẹ bá na apá yín méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́, èyí tó wà lókè apá kò ṣeé fọwọ́ kàn. Kí ẹni tí ẹ bá gbà má ṣe wọ bàtà onírin ṣóńṣó gun igi náà, nítorí ohun tí mo sọ fún Bàbá Ìbejì nípa ìṣó. Àkàsọ̀ tàbí igbà kò ní dá ihò sí i lára. Kí wọ́n sì fọ ayùn wọn pẹ̀lú oògùn apakòkòrò kí wọ́n tó mú un kúrò lórí ọ̀pẹ kan bọ́ sórí òmíràn.

Ìbéèrè: Imọ̀ ìsàlẹ̀ ọ̀pẹ mi ní àmì tótòtó aláwọ̀ ọsàn, ṣóńṣó ewé rẹ̀ sì ń gbẹ. Koríko àyíká rẹ̀ tutù yọ̀yọ̀ nítorí mò ń fún un ní ajílẹ̀ déédéé, nítorí náà mi ò rò pé ebi ni. Ṣé kí n gé àwọn imọ̀ náà kí àìsàn má ràn? — Òǹkàwé yín ní Jacksonville, Florida.

Ìdáhùn: Ebi ni, ajílẹ̀ koríko yín gan-an ló sì ń dá kún un. Gbòǹgbò ọ̀pẹ yín ti rìn jìnnà sábẹ́ koríko yẹn, ohun tí ẹ bá fún koríko, ọ̀pẹ náà ń jẹ nínú rẹ̀. Ajílẹ̀ koríko kún fún nitrogen, kò sì ní potassium tó bẹ́ẹ̀. Nitrogen yìí ń lé ọ̀pẹ sáré, potassium tí yóò fi sáré náà kò sí nínú iyanrìn, ló bá ń fà á láti ara àwọn imọ̀ àgbà. Àmì tótòtó tí ẹ rí ni ojú ibi tó ti fà á. Bí ẹ bá gé wọn, yóò bọ́ sórí àwọn tó tẹ̀ lé wọn, bẹ́ẹ̀ ni yóò máa gòkè títí kò fi ní ku nǹkan kan lórí. Ẹ fi wọ́n sílẹ̀.

Ajílẹ̀ ọ̀pẹ ni kí ẹ rà. Èyí tí àwọn onímọ̀ Yunifásítì Florida ti ń gbani nímọ̀ràn láti lò ni wọ́n ń kọ 8-2-12 sí lára, èyíinì ni nitrogen 8, phosphorus 2 àti potassium 12, pẹ̀lú magnesium 4. Ohun tó yẹ kí ẹ wò lẹ́yìn àpò náà ni pé kí nitrogen, potassium àti magnesium inú rẹ̀ jẹ́ irú èyí tó ń yọ́ díẹ̀díẹ̀, nítorí bí nitrogen nìkan bá ń yọ́ díẹ̀díẹ̀, òjò kan ṣoṣo ni yóò gbá potassium lọ, ẹ ó sì padà síbi tí ẹ wà. Ẹ fọ́n ọn káàkiri abẹ́ ìbòòji rẹ̀, ẹ má kó o jọ sí ìdí igi, kí ẹ sì lo òun kan náà fún koríko tó wà nítòsí dípò ti tẹ́lẹ̀. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ìjọba ìbílẹ̀ yín kí ẹ tó fọ́n ọn, nítorí àwọn kan ní Florida kì í gbà kí a lo ajílẹ̀ ní ìgbà òjò, kí ó má bàa ṣàn wọ odò.

Imọ̀ tó ti ní àmì kò ní tutù padà. Ìlera rẹ̀ ní láti gba orí imọ̀ tuntun wọlé, gbogbo orí ọ̀pẹ kì í sì í pààrọ̀ tán láàárín ọdún kan. Bí ó bá jẹ́ imọ̀ òkè, èyí tó ń yọ, ló pọ́n tó sì ká kò, nǹkan mìíràn nìyẹn: manganese ni ó kù díẹ̀ káàtó fún un, ó sì wọ́pọ̀ níbi tí ilẹ̀ bá ní ẹfun tàbí sìmẹ́ńtì púpọ̀. Ẹ ṣọ́ra nínú ṣọ́ọ̀bù, nítorí manganese àti magnesium jọ ara wọn lórúkọ, ọ̀kan kò sì lè ṣe iṣẹ́ èkejì.

Ìbéèrè: Ọ̀pẹ mẹ́rin ni mo ní. Èso ọ̀kan bọ́ sílẹ̀ láìtọ́jọ́, imọ̀ ìsàlẹ̀ rẹ̀ wá di aláwọ̀ idẹ láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ṣé potassium náà ni? — Ọmọ Ìjẹ̀bú ní Tampa.

Ìdáhùn: Ó ṣeni láàánú, àìsàn tí wọ́n ń pè ní lethal bronzing ni mo fura sí. Àìní potassium kì í yára tó bẹ́ẹ̀, kì í sì í ju èso sílẹ̀. Florida kọ́kọ́ rí àìsàn yìí ní ọdún 2006, ní agbègbè yín gan-an. Kòkòrò àìfojúrí kan tí wọ́n ń pè ní phytoplasma ló ń fà á. Inú iṣan tí oúnjẹ ọ̀pẹ ń gbà kọjá ló ń gbé, kòkòrò kékeré kan tó ń fò, tó ń mu oje imọ̀, tí ọmọ rẹ̀ sì ń dàgbà nídìí koríko, ló ń gbé e láti orí igi kan dé òmíràn. Lẹ́yìn òdòdó àti èso, imọ̀ yóò máa ti ìsàlẹ̀ gbẹ lọ sókè, ọ̀gọ̀mọ̀ yóò kú, igi yóò sì lọ láàárín oṣù díẹ̀.

Ẹ pe ọ́fíìsì tó ń bá àwọn àgbẹ̀ ṣiṣẹ́ ní ìjọba ìbílẹ̀ yín, wọn yóò sọ bí a ṣe ń gbẹ́ ìyẹ̀fun igi díẹ̀ láti inú ìtì lọ fún àyẹ̀wò. Bí ó bá jẹ́ òun, ẹ gé igi náà láìfi àkókò ṣòfò. Abẹ́rẹ́ oxytetracycline wà, oògùn tí a ń fún sínú ìtì ní oṣù mẹ́ta sí mẹ́rin sí ara wọn, ṣùgbọ́n àwọn mẹ́ta tí ara wọn ṣì le ni ẹ máa fi gbà là. Kò wúlò mọ́ fún èyí tí àmì ti hàn lára rẹ̀.

Bí ẹ ti ń yẹ̀ wọ́n wò, ẹ wo ìdí wọn pẹ̀lú. Bí ẹ bá rí olú líle kan tó yọ lára ìtì bí pẹpẹ kékeré, tí òkè rẹ̀ pọ́n bíi pákó tí a kùn, Ganoderma nìyẹn. Kò ní oògùn. Ẹ gé igi náà kí ó tó wó lu ènìyàn, ẹ má sì gbin ọ̀pẹ mìíràn sójú ibẹ̀.

Ìbéèrè: Ṣé palmetto lè hù ní Lọ́ńdọ̀nù? — Àbíkẹ́, Peckham.

Ìdáhùn: Òtútù Lọ́ńdọ̀nù kò lè pa á, nítorí èyí tó ti fìdí múlẹ̀ lè fara da òtútù tó lọ sí nǹkan bí ìwọ̀n 12 nísàlẹ̀ òdo lórí òṣùwọ̀n Celsius. Ooru ni kò sí níbẹ̀. Láìsí ooru gidi nígbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn, yóò kàn dúró síbẹ̀ láìdàgbà. Trachycarpus fortunei, ọ̀pẹ ilẹ̀ Ṣáínà tí imọ̀ tirẹ̀ náà jọ abẹ̀bẹ̀, ni kí ẹ gbìn.

Ìbéèrè: A lọ sí etí òkun ní Florida, àwọn ọmọ sì ṣa kóró dúdú kéékèèké lábẹ́ ọ̀pẹ yìí. Mo fẹ́ gbin díẹ̀ síbí, kí n sì kó díẹ̀ lọ fún bàbá mi ní Badagry. Ó máa tó ọdún mélòó kó tó di igi? — Ìyá Tèmi, Brunswick, Georgia.

Ìdáhùn: Ìyá Tèmi, ẹ kọ́kọ́ ṣà wọ́n. Ẹ bó ara èso kúrò, ẹ rẹ wọ́n sómi fún ọjọ́ kan tàbí méjì, kí ẹ wá gbé kóró kọ̀ọ̀kan sójú ìmọ́lẹ̀. Èyí tí ẹ bá rí ihò roboto lára rẹ̀, ẹ jù ú nù, kòkòrò kan ti jẹ inú rẹ̀ tán, ó sì ti jáde. Ẹ ri èyí tó dára sínú iyanrìn tí a pò mọ́ ilẹ̀dú, níwọ̀n sẹ̀ǹtímítà kan péré, kí ẹ fi wọ́n síbi tó móoru. Wọn yóò hù láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀ sí oṣù díẹ̀. Ewé àkọ́kọ́ kò ní jọ abẹ̀bẹ̀ rárá, ẹ má ṣe fà á tu pé koríko ni.

Lẹ́yìn ìyẹn ni sùúrù bẹ̀rẹ̀. Ìtì ọmọ palmetto máa ń kọ́kọ́ lọ sí ìsàlẹ̀ nínú ilẹ̀, yóò wá yí padà bí ọrùn kẹ̀kẹ́ ìfami kí ó tó kọjú sókè. Ó lè ju ọdún mẹ́wàá lọ dáadáa kí ẹ tó rí ìtì lókè ilẹ̀, nínú igbó ó sì ń pẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ fíìfíì. Nítorí èyí ni kì í fi í ṣe láti inú kóró ni àwọn olóko ti ń mú àwọn ọ̀pẹ ńlá tí wọ́n ń tà jáde. Inú pápá ẹran àti igbó Florida ni wọ́n ti ń hú wọn. Nítorí èyí náà ni ẹ fi gbọ́dọ̀ yan ojú ibi tí ẹ ó gbìn ín sí dáadáa, nítorí èyí tí kò tíì ní ìtì lókè ilẹ̀ kì í yè bí a bá hú u. Ó fẹ́ oòrùn, kò kọ iyanrìn, afẹ́fẹ́ oníyọ̀ kò sì dí i lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n bí omi òkun bá ń wọ àgbàlá yín lóòrèkóòrè, ọmọ rẹ̀ kò ní gbà á bí àgbà ṣe lè gbà á. Ní Waccasassa Bay ní Florida, níbi tí òkun ti ń gòkè, àwọn àgbà palmetto ṣì dúró, kò sì sí ọmọ kan tó ń hù lábẹ́ wọn mọ́.

Ní ti Badagry, mo bẹ̀ yín, ẹ má kó kóró kankan sínú àpótí. Kòkòrò tí mo sọ yẹn lè wà nínú kóró tí ihò kò tíì hàn lára rẹ̀, òfin ilẹ̀ wa sì ni pé kí ènìyàn gba ìwé àṣẹ lọ́dọ̀ Nigeria Agricultural Quarantine Service kó tó kó ohun ọ̀gbìn wọlé. Etí òkun wa ní àgbọn láti ṣọ́. Àwọn ará Gánà ti rí ohun tí àìsàn Cape Saint Paul fi ojú àgbọn wọn rí. Bí ó bá jẹ́ imọ̀ bí abẹ̀bẹ̀ ni Bàbá fẹ́ràn, agbọn olódù jẹ́ ti ilẹ̀ wa, ó lágbára, ó sì ga ju palmetto lọ. Kí wọ́n gbin ìyẹn.

Ìbéèrè: Mo ń gbé nítòsí Ọ̀yọ́túnjí, ìletò àwọn Adúláwọ̀ Amẹ́ríkà tó ń ṣe ẹ̀sìn Yorùbá, ní Sheldon, South Carolina. Ọ̀pẹ tiwa kò lè yè níbí nítorí òtútù, ṣùgbọ́n palmetto yí wa ká. Bí a bá fẹ́ mọ̀rìwò fún ojúbọ Ògún, ṣé a lè gé ọ̀gọ̀mọ̀ rẹ̀ láìpa igi náà? — Ọmọ Ògún.

Ìdáhùn: Ẹ kú àtọwọ́dọ́wọ́. Bóyá ó tọ́ fún Ògún, àwọn àgbà Ọ̀yọ́túnjí, tí wọ́n ti wà níbẹ̀ láti ọdún 1970, ni kí ẹ bi. Mo mọ̀ pé ní Brazil, níbi tí ọ̀pẹ wa ti ń hù, òun náà ni wọ́n ń ya sí mọ̀rìwò. Ní ti igi, ó ṣeé ṣe, bí ọwọ́ yín bá mọ níwọ̀n. Ibi tí ọ̀gọ̀mọ̀ ti ń yọ ni ọ̀mùnú wà, ohun funfun rírọ̀ tí àwọn ará Florida ń gé láti sè jẹ, tí wọ́n fi ń pe igi náà ní ọ̀pẹ kábéèjì. Gbogbo igi tí wọ́n bá gé e lórí rẹ̀ ni ó ń kú. Nítorí náà, ẹ gé ọ̀gọ̀mọ̀ náà lókè, níbi tó ti yọ jáde tán láàárín àwọn imọ̀ tó kù, ẹ má ki ọ̀bẹ bọ ìsàlẹ̀ lọ wá gígùn kún un, ẹ má sì ṣe fà á tu.

Àwọn ìyá Gullah, ìran àwọn ọmọ Áfíríkà tí wọ́n kó lẹ́rú wá sí etí òkun yẹn, tó ń hun agbọ̀n koríko olóòórùn dídùn lẹ́bàá ojú ọ̀nà ní Mount Pleasant ń lo ewé palmetto, èyí tó ṣì rọ̀, láti rán agbọ̀n wọn. Ẹ bá wọn sọ̀rọ̀, wọn yóò fi ojú ibi tí ọ̀bẹ ń gbà hàn yín. Nítorí pé imọ̀ rẹ̀ jẹ́ abẹ̀bẹ̀, kò ní pín bí mọ̀rìwò tí ẹ mọ̀ bí ẹ bá kàn gbọ̀n ọ́n. Ẹ fi èékánná ya á láti ṣóńṣó wá sí ìdí nígbà tó ṣì tutù, ní ọjọ́ tí ẹ gé e gan-an, kí ẹ sì fi àwọn ilà náà kọ́ síbi ìbòòji kí oòrùn má bàa ká wọn kò. Ọ̀kan péré ni kí ẹ gé lórí igi kan, kí ẹ fa ilà aláwọ̀ sí i nídìí kí ẹ lè dá a mọ̀, kí ẹ má sì padà sórí rẹ̀ títí di ọdún tó ń bọ̀.